Ẹni Tó Bá Dákẹ́, Tara Rẹ̀ A Bá A Dákẹ́: Ọ̀rọ̀ Lórí Ìnira Tó Máa Ń Bá Ìfètòsọ́mọbíbí Rìn

Ọ̀rọ̀ tí akọ̀wé ẹgbẹ́ sọ níbi àjọ̀dún ẹgbẹ́, ní abala ìlera

  

Lọ́dọọdún, ọ̀rọ̀ owó la máa ń sọ níbí: owó tí a fi pamọ́, owó tí a yá, owó tí a dá padà, èrè tí a pín. Lọ́dún yìí, ìgbìmọ̀ ní kí a sọ̀rọ̀ nípa ara tó ń wá owó náà. Wọ́n ní kí a sọ̀rọ̀ lórí ìnira tí àwọn kan nínú wa ń rí látàrí abẹ́rẹ́, oògùn oníhóró àti ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń fi sábẹ́ awọ apá, tí a fi ń fètò sí ọmọ bíbí. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, kó rẹ́rìn-ín, kò sí ìjà. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ gbọ́ ọ o.

Ẹnì kan lè bi wá pé, kí ló kan ẹgbẹ́ nínú ọ̀rọ̀ yàrá? Ó kàn wá. Ọ̀kan nínú wa wà tó ń ta ata. A ti gba àyè lọ́wọ́ rẹ̀ kí a tó sọ èyí. Ó gba abẹ́rẹ́, ẹ̀jẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í kán tótó, ọ̀sẹ̀ lé ọ̀sẹ̀. Ìró dúdú nìkan ló ń ró wá sọ́jà, méjì léra wọn, ẹ̀rù sì ń bà á láti dìde níwájú oníbàárà. Kò lè lọ Bódìjà láàárọ̀ kùtù mọ́. Kò sọ fún ọkọ, kò sọ fún nọ́ọ̀sì, kò sọ fún àwa náà. Nígbà tí ọjọ́ abẹ́rẹ́ kejì pé, kò lọ, kò sì fi nǹkan mìíràn rọ́pò rẹ̀. Kí ọdún tó yí po, oyún ti dé, èyí tó wà lẹ́yìn kò tí ì já lẹ́nu ọmú. A dúpẹ́ pé ìyá àti ọmọ wà láàyè. Ṣùgbọ́n owó ọjà wọ inú ìnáwó ọmọ, àwọn onídùúró rẹ̀ méjèèjì ló sì san gbèsè tó kù. Ṣé ẹ wá rí i pé ó kàn wá?

OHUN TÍ OÒGÙN NÁÀ Ń ṢE

Ara obìnrin ní èròjà kan tí àwọn oníṣègùn ń pè ní họ́mónù. Òun ló ń darí nǹkan oṣù. Irú èròjà yìí náà ló wà nínú abẹ́rẹ́, nínú oògùn oníhóró àti nínú ọ̀pá tí wọ́n ń fi sí apá. Ó ń ṣe é kí ẹyin má jáde, ó sì ń mú kí omi ẹnu ọ̀nà ilé ọmọ ki, kí àtọ̀ má lè kọjá. Abẹ́rẹ́ tó wọ́pọ̀ jù a máa ṣiṣẹ́ fún oṣù 3. Ọ̀pá kan ṣoṣo ní apá a máa ṣiṣẹ́ fún ọdún 3, ọlọ́pàá méjì a sì máa ṣiṣẹ́ fún ọdún 5.

Níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé ohun tó ń darí ara ni a fi kún ara, ara á mọ̀ ọ́n lára. Ara ẹlòmíràn á gbà á wọ́ọ́rọ́wọ́, ti ẹlòmíràn á bá a jà fún oṣù díẹ̀, ti ẹlòmíràn kò sì ní gbà á rárá. Ara ò jọra. Nítorí náà, kí ọ̀rẹ́ má fi tirẹ̀ ṣẹ̀rù ba ọ̀rẹ́, kí ẹni tí kò rí ìnira kankan má sì pe ẹni tó ń jìyà ní alásọdùn.

Ọ̀RỌ̀ Ẹ̀JẸ̀

Èyí ló ń dà wá láàmú jù. Ẹni tó wà lórí abẹ́rẹ́ tàbí tó fi sí apá lè máa rí ẹ̀jẹ̀ ní ọjọ́ tí kò retí, pàápàá ní oṣù mélòó kan àkọ́kọ́. Tó bá yá, ó lè dín kù, ó tilẹ̀ lè dáwọ́ dúró pátápátá.

Ìdádúró yìí gan-an ló ń já àwọn ìyá wa láyà. Wọ́n á ní ẹ̀jẹ̀ ti kó jọ sínú ikùn, pé yóò di jẹjẹrẹ tàbí ìju. Kò rí bẹ́ẹ̀. Lóṣooṣù, ilé ọmọ a máa tẹ́ ibùsùn sílẹ̀ de oyún. Bí oyún ò bá dé, yóò ká ibùsùn náà, òun ni nǹkan oṣù. Oògùn yìí kì í jẹ́ kí ibùsùn náà nípọn. Àwa ọlọ́jà mọ̀ pé ọjà tí a kò kó wọ ṣọ́ọ̀bù, a kì í rí i kó jáde. Kò sí ẹ̀jẹ̀ kankan tó há síbì kan. Bí ó bá ń ṣe yín bíi pé oyún ni, ẹ lọ yẹ̀ ẹ́ wò, kí ọkàn yín balẹ̀.

Ní ti ẹ̀jẹ̀ tó ń kán, ẹ padà sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì. Oògùn wà tí wọ́n lè fún yín fún ọjọ́ díẹ̀ tí yóò dín in kù, ṣùgbọ́n òun ni kó yàn án, nítorí irú rẹ̀ kan kò dára fún ẹni tó ní ọgbẹ́ inú. Yóò tún wò ó bóyá àrùn kan ló fà á. Bí ẹ̀jẹ̀ bá wá ní ìlọ́po 2 bó ṣe máa ń wá, tàbí tó ń ya gan-an ju ọjọ́ 8 lọ, kí ẹ má dúró de ìparí oṣù. Ẹ máa jẹ ẹ̀fọ́ ṣọkọ, tẹ̀tẹ̀, ẹ̀wà, ẹ̀dọ̀ àti ẹja, kí ẹ̀jẹ̀ má baà gbẹ lára yín. Bí òòyì bá ń kọ́ yín, tí àyà ń já nígbà tí ẹ bá gbé ẹrù díẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò.

Ẹ̀jẹ̀ yìí tún ní ọ̀nà mìíràn tó fi ń dun ni. Mùsùlùmí nínú wa kò mọ̀ bóyá kí òun kírun tàbí kí òun gbààwẹ̀. Ẹni tó ń lọ ìjọ aláṣọ funfun ń jókòó sílé lọ́jọ́ ìsìn. Ọkọ ń ráhùn pé, “Ìwọ nìkan ni nǹkan oṣù rẹ kì í tán?” Ẹ béèrè lọ́wọ́ ààfáà yín, ẹ béèrè lọ́wọ́ ìyá ìjọ. Nínú ẹ̀sìn Ìsìláàmù, ìyàtọ̀ wà láàárín ẹ̀jẹ̀ nǹkan oṣù àti ẹ̀jẹ̀ tó kàn ń dà lásán, wọ́n á ṣàlàyé fún yín. Ẹ̀yin bàbá wa, kì í ṣe ẹjọ́ ìyàwó. Ẹ bá a lọ sí ilé ìwòsàn.

ÀWỌN ÌNIRA YÒÓKÙ

Oògùn oníhóró lè mú kí èébì máa gbé ni ní ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ máa lò ó lálẹ́ tí ẹ bá fẹ́ sùn, tàbí lẹ́yìn oúnjẹ. Ẹ máa lò ó ní àkókò kan náà lójoojúmọ́. Bí ẹ bá gbàgbé ọ̀kan, ẹ lò ó ní kété tí ẹ bá rántí. Ẹni tó ń fo ọjọ́ ló máa ń rí ẹ̀jẹ̀ tótó jù, òun náà ló sì lè lóyún. Bí ọmú bá ń wúwo tàbí tó ń dun yín, ẹ wọ kọ́mú tó gbé e ró dáadáa.

Sísanra ńkọ́? Abẹ́rẹ́ olóṣù 3 lè mú kí obìnrin fi nǹkan bíi kílò 1 sí 2 kún ara lọ́dún, ti ẹlòmíràn sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n kí a sọ òtítọ́ fún ara wa: ẹni tó jókòó ti ọjà láti àárọ̀ títí di alẹ́, tó ń fi búrẹ́dì àti mínírà pa ebi, kó má di gbogbo rẹ̀ ru abẹ́rẹ́. Ẹ máa dìde, ẹ máa rìn. Bó bá ṣì ń pọ̀ sí i, ẹ pààrọ̀ ọ̀nà.

Àwọn kan a máa bínú láìnídìí, ọkàn wọn á rẹ̀wẹ̀sì. Àwọn mìíràn kò ní fẹ́ sún mọ́ ọkọ mọ́. Ojú ń tì wá láti sọ èyí, bẹ́ẹ̀ òun ló ń dá ìjà sílẹ̀ jù nínú ilé. Ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì bí ẹ ṣe ń sọ orí fífọ́. Ìnira ni òun náà.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ṣì fẹ́ bímọ, ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Bí ẹ bá dá oògùn oníhóró dúró tàbí tí wọ́n yọ ti apá, ara lè gba oyún láìpẹ́. Ti abẹ́rẹ́ olóṣù 3 máa ń pẹ́ díẹ̀, ó lè gbà tó oṣù 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́yìn èyí tí ẹ gbà kẹ́yìn. Kò túmọ̀ sí pé ó ti ba ilé ọmọ jẹ́. Ẹni tó bá mọ̀ pé òun fẹ́ bímọ láìpẹ́, kó tètè sọ fún nọ́ọ̀sì kó tó gba abẹ́rẹ́.

ÌGBÀ TÍ KÒ YẸ KÍ A DÚRÓ

Bí ẹni tó ń lo oògùn oníhóró bá rí àwọn àmì wọ̀nyí, kó sáré lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an: àyà dídùn tàbí kí èémí máa ká a mọ́ àyà, ẹsẹ̀ kan tó wú tó sì ń dun ún, orí fífọ́ líle tí irú rẹ̀ kò ṣe é rí, ojú tó ń ṣe bàìbàì lójijì, inú rírun líle. Ó lè jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ti dì nínú iṣan. Kì í ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀ ènìyàn, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí a ń fi àgbo wò.

Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí a máa yá ara wa ní oògùn oníhóró bí ẹni ń yá iyọ̀. Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹni tó ní túúlu tí iná máa ń kọ mànà lójú rẹ̀, ẹni tí ọmọ ọwọ́ rẹ̀ kò tí ì pé oṣù 6, kí wọ́n sọ ọ́ kí nọ́ọ̀sì tó fún wọn ní nǹkan. Ẹni tó ń lo oògùn ikọ́ ife tàbí ti wárápá náà, kó sọ ọ́, nítorí àwọn kan nínú oògùn wọ̀nyẹn kì í jẹ́ kí ti ìfètòsọ́mọbíbí ṣiṣẹ́ dáadáa.

Ẹ MÁ JÁWỌ́ LÁÌSỌ

Kókó ọ̀rọ̀ wa rèé. A kò ní kí ẹnikẹ́ni fara da ìyà. A kò sì ní kí ẹnikẹ́ni jáwọ́ ní kọ̀rọ̀. Ẹ padà lọ, ẹ sọ ọ́, kí wọ́n bá yín pààrọ̀ rẹ̀. Bí abẹ́rẹ́ kò bá yín lára mu, ti apá lè bá yín mu. Bí họ́mónù kò bá yín mu rárá, lúùpù onibàbà wà, kò ní họ́mónù nínú, ó sì lè lo ọdún 10, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun náà lè mú kí nǹkan oṣù pọ̀ sí i ní ìbẹ̀rẹ̀. Kọ́ńdọ̀mù wà, ọkọ ni yóò lò ó. Ṣùgbọ́n ẹ rí i pé ẹ ti di tuntun mú kí ẹ tó ju ti àtijọ́ nù. Kí ẹnikẹ́ni má sì fi abẹ yọ ti apá fúnra rẹ̀.

Bí nọ́ọ̀sì kan bá jágbe mọ́ yín pé, “Ṣé ìwọ ni wọ́n kọ́kọ́ fún ni?”, ẹ má torí ìyẹn sálọ. Ẹ ní ẹ fẹ́ rí ọ̀gá rẹ̀. Bí ẹ bá ní kí wọ́n yọ ti apá, ẹ̀tọ́ yín ni kí wọ́n yọ ọ́, bí ọdún rẹ̀ kò tilẹ̀ tí ì pé. Láti 2011 ni ìjọba àpapọ̀ ti kéde pé ọ̀fẹ́ ni àwọn oògùn ìfètòsọ́mọbíbí ní ilé ìwòsàn ìjọba, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n lè gba owó díẹ̀ fún ìbọ̀wọ́ àti òwú.

Ọmọ wa kan tó ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì sọ ìtàn kan fún wa tó wọ̀ wá lára. Ní 1956, nígbà tí wọ́n ń dán oògùn oníhóró wò ní Puerto Rico, dókítà obìnrin tó ń bójú tó iṣẹ́ náà, Edris Rice-Wray, kọ̀wé sí àwọn ọ̀gá pé òòyì ń kọ́ àwọn obìnrin, wọ́n ń bì, orí ń fọ́ wọn. Wọn kò ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí. Amẹ́ríkà fọwọ́ sí oògùn náà ní 1960, èròjà inú rẹ̀ ìgbà náà sì pọ̀ ju ti òde òní lọ fíìfíì. Nígbà tó di 1970, ilé aṣòfin wọn jókòó lórí ọ̀rọ̀ oògùn yìí, wọn kò pe obìnrin kan tó ń lò ó láti wá sọ tẹnu rẹ̀. Àwọn obìnrin tó wá wòran ló dìde tí wọ́n ń pariwo, wọ́n ní kí wọ́n gbọ́ tàwọn. Látàrí ariwo yẹn ni ìjọba wọn fi pàṣẹ pé kí ìwé àlàyé máa wà pẹ̀lú oògùn náà, tí yóò sọ ewu rẹ̀ fún ẹni tó ń lò ó. Ìwé wẹ́wẹ́ tí a máa ń jù nù yẹn, ẹnu àwọn obìnrin ló mú un wá.

OHUN TÍ ẸGBẸ́ YÓÒ ṢE

Ìgbìmọ̀ ti fẹnu kò lórí nǹkan mẹ́ta. Ìkíní, lẹ́ẹ̀kan ní oṣù 3, a óò pe nọ́ọ̀sì wá sí ìpàdé, ẹni tó bá sì ní ọ̀rọ̀ àṣírí yóò rí i ní kọ́lọ́fín. Ìkejì, ẹni tó bá fẹ́ lọ sí ilé ìwòsàn, kí aládùúgbò rẹ̀ ní ìsọ̀ bá a ta ọjà títí yóò fi dé. Ìkẹta, owó ìtọ́jú kékeré wà tí a óò máa yáni láìgba èlé, bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ìlera. Ẹ wá bá akápò, kò ní bi yín ní ìbéèrè níwájú èrò.

Ẹ̀yin ìyá àgbà tí ẹ ti kúrò níbẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí ṣì kàn yín. Ẹ ní ọmọ obìnrin, ẹ ní ìyàwó ọmọ. Ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn pé, “Báwo lara ṣe gbà á?” Kí ẹ sì gbọ́ ohun tí wọ́n bá sọ tán kí ẹ tó fèsì.

Ìlera loògùn ọrọ̀. Ọlọ́run yóò fún wa ní àlàáfíà tí a óò fi jẹ èrè iṣẹ́ wa. Àṣèyí ṣàmọ́dún o.