Obìnrin Aríran àti Ẹni Tí Ń Kọ Ọ́ Sílẹ̀

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ rìn jìnnà díẹ̀ kí a tó padà sí Erinje, ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀.

Ní ilẹ̀ Gíríìkì àtijọ́, tẹ́ḿpìlì òrìṣà Apollo wà ní Delphi, lẹ́bàá òkè Parnassus. Obìnrin kan, tí oyè rẹ̀ ń jẹ́ Pythia, a máa jókòó níbẹ̀ lórí àpótí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, ẹ̀mí a gbé e, a sì máa fọhùn. Àwọn ọba a máa ránṣẹ́ sí i. Croesus, ọba Lídíà, béèrè bóyá kí òun gbógun ti Páṣíà. Wọ́n ní bí ó bá jà, yóò pa ìjọba ńlá kan run. Inú ọba dùn, ó jà. Ìjọba tirẹ̀ gan-an ló parun, ní nǹkan bí ọdún 546 kí a tó bí Jésù. Kò béèrè pé ìjọba wo. Èmi ìbá béèrè o!

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun kan. Obìnrin ló ń fọhùn, àwọn àlùfáà ọkùnrin ló dúró tì í. Títí di òní ni àwọn ọ̀mọ̀wé ń jiyàn nípa èyí tí í ṣe ti obìnrin náà nínú ọ̀rọ̀ wọ̀nyẹn, àti èyí tí í ṣe ti àlùfáà.

Ẹ má fi àwọn Gíríìkì rẹ́rìn-ín. Ní oṣù kẹfà, 1925, Àbíọ́dún Akínṣọ̀wọ́n, ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́tàdínlógún, lọ wo ìwọ́de Corpus Christi àwọn Kátólíìkì ní Èkó. Ó rí áńgẹ́lì kan níbẹ̀. Nígbà tí ó délé, ó ṣubú sínú ìran. Wọ́n ránṣẹ́ pe Mósè Orímọládé Túnọláṣe, ọmọ Ìkàrẹ́. Ó gbàdúrà fún un, ojú rẹ̀ sì wálẹ̀. Láti ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ Kérúbù àti Séráfù ti ṣẹ̀. Kápténì Àbíọ́dún ni wọ́n ń pè é, ó sì wàásù kiri ilẹ̀ Yorùbá. Ní 1929 ẹgbẹ́ náà pín. Ta ló dá a sílẹ̀, ọmọbìnrin tó rí ìran ni tàbí ọkùnrin tó gbàdúrà? Orímọládé kú ní 1933, Àbíọ́dún kú ní 1994, àríyànjiyàn náà kò bá wọn lọ.

Ẹ̀sìn aláṣọ funfun wọ ilẹ̀ Ìkálẹ̀ gan-an. Nígbà tí mo wà ní kíláàsì karùn-ún, èmi ni mo ń kọ ìran sílẹ̀ fún ìyá aríran kan ní Erinje. Ìyá kò mọ̀wé. Bí ẹ̀mí bá ti gbé e, èmi a mú lẹ́ẹ̀dì, n óò jókòó ti fìtílà. Bí ojú rẹ̀ bá sì wálẹ̀, kì í rántí ohun tó sọ. Ìwé mi ló ń bi.

Ní òru ọjọ́ kan, ó dárúkọ àbúrò bàbá mi, ó ní kí ó dá oko ọ̀pẹ opó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ padà fún un. Àbúrò bàbá mi yìí ló ń san owó ilé-ìwé mi. Mo kọ ọ́ pé: "Kí ó máa ṣàánú àwọn opó."

Ní òwúrọ̀ mo kà á sétí ìjọ. Àbúrò bàbá mi ṣe àmín, ó sì ju owó sínú igbá. Ìyá wò mí.

"Ọmọ mi, ṣé bí mo ti sọ ọ́ nìyẹn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Opó náà sùn sí ilé àdúrà ní òru ọjọ́ náà. Ó ti fi etí ara rẹ̀ gbọ́. Ó gbé ọmọ rẹ̀ pọ̀n, ó jáde, kò sọ nǹkan kan. Ta ni ìbá gbà á gbọ́, nígbà tí ìwé ti sọ tirẹ̀?

Ìwé náà ṣì wà lọ́wọ́ mi.