Ta Ni Ó Ń Pariwo?

Kò sí ọmọ tí ó ti jókòó ní kíláàsì rí tí kò mọ gbólóhùn yìí: “Ẹ má pariwo!” Ó rọrùn lẹ́nu débi pé a kì í bi ara wa léèrè ohun tí ariwo jẹ́ gan-an. Ẹni tí ó bá ní kò ju ìró ńlá lọ kò tíì gbọ́ èdè náà dé ìpìlẹ̀.

Àrá a máa sán, ìbọn a máa ró, kìnnìún a máa bú ramúramù, ajá a máa gbó. Ìró wọn lè dí ènìyàn létí, síbẹ̀ ta ni yóò ní àrá ń pariwo, àfi ẹni tí ó ń ṣe àwàdà? Dídún ni ti ìlù. Ṣùgbọ́n ká ní àwọn kan ń ṣe ìnáwó lóru, tí aláìsàn sì wà ní ilé kejì. Létí àwọn tí ń jó, ìlù ń dún, ó sì ń dùn. Aláìsàn ní tirẹ̀ yóò ní, “Ariwo ìlù wọn kò jẹ́ kí n sùn.” Awọ kan náà, kọ̀ǹgọ́ kan náà, ẹni tí ó ń gbọ́ ọ ni ó yàtọ̀. Ariwo, nígbà náà, kì í ṣe orúkọ ìró lásán, ìdájọ́ ni.

Ìdí nìyí tí oníkéde kì í fi í pariwo, bí ó tilẹ̀ lu agogo yí ìlú ká; ó kéde ni. Ẹlẹ́kọ ń polówó ni. Àwọn tí wọ́n túmọ̀ Bíbélì, tí odidi rẹ̀ jáde ní 1884, mọ ìyàtọ̀ yìí: ní Orin Dáfídì 100, ìhó ayọ̀ ni wọ́n lò, wọn kò lo ariwo.

Pa àti ariwo ni ó di pariwo, gẹ́gẹ́ bí a ti ń pa òwe, tí a ń pa àlọ́. (A kò pa nǹkan kan kú níbẹ̀, bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tilẹ̀ ń béèrè.) A sì lè pariwo láìgbé ohùn sókè. “Má pariwo rẹ̀ o” lè jẹ́ ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ létí ọ̀rẹ́. Bí a bá ní “Ọ̀rọ̀ ti di ariwo,” àṣírí ni ó tú.

Ibi tí ó ti le jù ni ààrin ariwo àti igbe. Ẹni tí ó kígbe ń pe ẹnìkan. Ariwo kò pe ẹnikẹ́ni. Lóòótọ́ a máa ń ní, “Ó pariwo pé kí wọ́n gba òun,” ṣùgbọ́n a ti sọ ohun tí ó ń tọrọ mọ́ ọn. Ẹ wo ilé tí ayálégbé pọ̀ sí. Ohùn obìnrin kan ta lóru láti iyàrá kejì. Baálé ilé yí ara padà lórí ibùsùn, ó ní, “Ariwo wọn tún ti bẹ̀rẹ̀,” ó sì fa aṣọ borí. Ìyàwó rẹ̀ ni ó jókòó dìde: “Bàbá Táíwò, ẹ tẹ́tí sí i. Igbe ni.” Láti ìgbà tí a ti pè é ní igbe, ọkùnrin náà kò lè sùn mọ́. Yóò wá bàtà rẹ̀, yóò lọ kan ilẹ̀kùn. Ohùn náà kò yí padà. Orúkọ rẹ̀ ni ó yí padà.

Ti kíláàsì náà kò yàtọ̀. Ogójì ọmọ ń jiyàn lórí àlọ́ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ pa fún wọn. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ tí ó ń kọjá lọ lọ́ọ̀dẹ̀dẹ̀ yóò gbọ́ ariwo. Olùkọ́ tí ó dúró láàrin wọn yóò gbọ́ pé ọmọ kan ní Ìjàpá jẹ̀bi, pé èkejì ní ebi ni ó tì í, pé ẹ̀kẹta ń bi wọ́n pé ta ni ó fi ìkòkò sílẹ̀ láìdé.