CLEP: Kírẹ́díìtì Kí Ẹ Tó Wọ Yunifásítì

Ẹni tó bá fẹ́ kàwé gboyè ní Amẹ́ríkà lè ti ní kírẹ́díìtì nílẹ̀ kó tó forúkọ sílẹ̀ rárá. Ìdánwò kan tí wọ́n ń pè ní CLEP ló ń jẹ́ kó ṣeé ṣe. College Board, àwọn kan náà tó ń ṣètò SAT, ló dá a sílẹ̀ ní 1967. Orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ń ṣe é, nǹkan bíi wákàtí kan ààbọ̀. Máàkì rẹ̀ ń lọ láti 20 dé 80, 50 sì ni ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ń béèrè. Ẹ má rò pé 50 yẹn túmọ̀ sí ìdajì ìbéèrè o!

Bí àpẹẹrẹ, ẹni tó gbọ́ èdè Sípáníìṣì láti ilé lè fi ìjókòó kan ṣoṣo gba kírẹ́díìtì ẹ̀kọ́ èdè náà fún ọdún kan. Ṣùgbọ́n òfin yunifásítì ò dọ́gba: òmíràn kì í gbà á rárá, òmíràn á gbà á, kò kàn ní kà á mọ́ ẹ̀kọ́ tẹ́ ẹ yàn láàyò. Tèmi ni pé kẹ́ ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ wọn, kẹ́ ẹ tó náwó. Ẹni tó bá fìdí rẹmi á dúró fún oṣù mẹ́ta kó tó tún un ṣe.

Tówó bá ṣòro, àjọ kan tó ń jẹ́ Modern States ń kọ́ni lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì ń sanwó ìdánwò fẹ́ni tó bá parí ẹ̀kọ́ wọn.