Ọmọ Tí A Ń Pè Ní Olódo
(Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé ẹ̀ka Maiduguri)

Ní ìpàdé tí ó kọjá, àwọn kan dá a lábàá pé kí á yọ àwọn ọmọ tí kò tètè mọ̀wé kúrò nínú ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́ ẹgbẹ́, kí á fi wọ́n sí ẹnu iṣẹ́, kí owó wa má baà ṣòfò. A ní kí wọ́n fún wa láyè kí á rò ó. Èrò náà ni a gbé wá.

Ọmọ kan wà láàrin wa tí ìyá rẹ̀ ń ta èlùbọ́. Àwa tí à ń bá wọn ṣe ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́ nà án nítorí pé kò lè sọ iye tí méje lọ́nà mẹ́jọ jẹ́. (Ẹni tí ó bá fẹ́ bá wa wí lórí ẹgba náà, kí ó dúró dè wá lẹ́yìn ìpàdé.) Ní ọ̀sẹ̀ kan náà a lọ ra mudu mẹ́ta lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, a sì jẹ gbèsè díẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ọmọ yìí gbójú sókè, ó fi Hausa ṣírò rẹ̀ lẹ́nu wúyẹ́wúyẹ́, ó sì ka ṣéńjì lé wa lọ́wọ́ géérégé. A kò tí ì ṣírò tiwa tán. Ojú tì wá.

Kì í ṣe tiwa nìkan. Ní Recife, ní ilẹ̀ Bràsíl, àwọn olùwádìí mẹ́ta dán ọmọ márùn-ún tí ń tajà wò, wọ́n sì tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1985. Nídìí ọjà, àwọn ọmọ náà gba 98 nínú ọgọ́rùn-ún. Nígbà tí a kọ irú ìṣirò kan náà sórí ìwé, tí kò sí àgbọn, tí kò sí oníbàárà, wọ́n gba 37 péré. Orí kan náà ni. Ọ̀nà tí a gbà bi wọ́n ni ó yàtọ̀.

Ẹ tún gbọ́ ti àwọn àgbẹ̀ Kpelle ní Làìbéríà. Àwọn ará Amẹ́ríkà kó oúnjẹ àti irinṣẹ́ kalẹ̀ níwájú wọn, wọ́n ń retí pé kí wọ́n kó oúnjẹ sọ́tọ̀, kí wọ́n kó irinṣẹ́ sọ́tọ̀. Àgbẹ̀ fi ọ̀bẹ ti ọsàn, nítorí ọ̀bẹ ni a fi ń gé e. Ó ní bí ọlọ́gbọ́n yóò ti ṣe é nìyẹn. Nígbà tí wọ́n wá bi í pé báwo ni òmùgọ̀ yóò ṣe tò ó, ó tò ó gẹ́lẹ́ bí wọ́n ti ń fẹ́! Ẹ rẹ́rìn-ín o, àwa náà rín in. Ṣùgbọ́n ká ní wọn kò béèrè ẹ̀ẹ̀kejì ńkọ́?

A kò sọ pé kí á pín àwọn ọmọ sí ẹlétí, olójú àti ọlọ́wọ́, bí àwọn kan ti ń ṣe. Pashler àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mẹ́ta yẹ ọ̀ràn náà wò ní 2008, wọn kò sì rí ẹ̀rí tí ó tó pé bẹ́ẹ̀ ni ọmọ ṣe ń mọ̀wé sí i. Ẹ wo àwọn ọmọ sangaya Kanuri ní ìlú yìí: wọ́n fi ọwọ́ kọ ọ́ sí wàláà, wọ́n fi ojú wò ó, wọ́n kà á sókè, wọ́n fọ̀ ọ́ nù, wọn a sì kà á lórí. Kíkà láìwò yìí ṣe pàtàkì. Ní 2006, Roediger àti Karpicke fi hàn pé ẹni tí ó gbìyànjú láti rántí ohun tí ó kà máa ń mọ̀ ọ́n lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan ju ẹni tí ó kàn ń tún un kà lọ.

Ní ti èdè, ẹ rántí Ọ̀jọ̀gbọ́n Fafunwa àti iṣẹ́ tí Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Modákẹ́kẹ́ ní 1970. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ ní ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ ẹ̀kọ́ kan láàrin àwọn yòókù. Àwọn ọmọ náà ta àwọn tí a yí sí Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọdún mẹ́ta yọ.

Iṣẹ́ ọwọ́ dára, ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ń jẹun nídìí rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ibi tí a ń lé ọmọ lọ bí ẹni ń jìyà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n dúró di ìparí táàmù. A ó kọ́kọ́ bi wọ́n ní Yorùbá tàbí ní Hausa kí á tó bi wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì, a ó sì máa bi wọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, láìsí ìwé níwájú wọn. Ìyá elélùbọ́ ti ní òun yóò yá wa ní mudu méjì fún Sátidé.