Kí Ni Mo Máa Fi Ọ̀sán Ṣe?

Ọ̀rọ̀ tí Alukoro Ẹgbẹ́ sọ níbi ayẹyẹ ọdún kẹwàá

A kò ní pẹ́ lórí ìdúró. A mọ̀ pé ọbẹ̀ ti ń ta sánsán lẹ́yìnkùlé.

Nígbà tí a dá ẹgbẹ́ yìí sílẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wa ṣẹ̀ṣẹ̀ lé ní ọgbọ̀n ọdún ni. Ohun tó gbà wá lọ́kàn nígbà náà ni aṣọ tí a máa wọ̀ lọ sí Ojúde Ọba ní ọjọ́ kẹta Iléyá, kí ẹ̀gbà ọrùn àti fìlà wa má bàa kéré sí ti rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ tó ṣáájú wa. Lónìí, a ti lé ní ogójì. Tí a bá pàdé báyìí, kí a tó béèrè iṣẹ́, ohun tí a kọ́kọ́ ń béèrè ni pé, "Màmá ńkọ́? Ṣé wọ́n ti dá Bàbá sílẹ̀ ní ọsibítù?" Àwọn òbí wa ti dàgbà. Àwọn àgbà sì sọ pé bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ sọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa ẹ̀bùn tí a ń mú lọ bá wọn.

Ní ọdún kẹta ẹgbẹ́, a lọ kí bàbá ọ̀kan nínú wa ní ọsibítù. Wọ́n yọ̀ ṣubú ní balùwẹ̀, egungun ìbàdí wọn sì ṣẹ́. A gbé apẹ̀rẹ̀ ẹ̀bùn ńlá dání: bisikíìtì, mílíìkì, ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò lóríṣiríṣi. Àwa alukoro ya fọ́tò, gbogbo wa rẹ́rìn-ín sí i. Nígbà tí a fẹ́ máa lọ, Bàbá di ọwọ́ Ààrẹ mú. Wọ́n ní, "Ẹ ṣeun o, ẹ̀yin ọmọ mi, apò yín ò ní gbẹ. Oúnjẹ kò wọ́n mi. Ṣùgbọ́n tí dókítà bá ti kọjá láàárọ̀, àjà ni mo ń wò títí ìyàwó mi á fi dé ní ìrọ̀lẹ́. Kí ni mo máa fi ọ̀sán ṣe?"

Kò sẹ́ni tó lè dáhùn nínú wa.

Inú ọkọ̀ ni a ti ń pàdé lọ́nà ilé tí ọmọ Bàbá fi sọ fún wa pé ọ̀ta ayò ni bàbá òun, pé kò sí ẹni tó lè jẹ wọ́n lábẹ́ igi ọ̀dàn àdúgbò wọn. A ti mọ Bàbá láti ọdún pípẹ́, a kò sì mọ èyí. Ní ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀lé e, a gbé ọpọ́n ayò lọ: ojúlé 12, ọmọ ayò 48, mẹ́rin mẹ́rin nínú ojúlé kọ̀ọ̀kan. Ojú Bàbá là kedere.

Kò rọrùn lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ariwo ọmọ ayò nínú igi ń dí àwọn aláìsàn yòókù lọ́wọ́, nọ́ọ̀sì sì wá bẹ̀ wá pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ọ̀gá, àwọn èèyàn ń sùn." A gé aṣọ ìnura wẹ́wẹ́, a sì fi tẹ́ ojúlé kọ̀ọ̀kan. Omi tí wọ́n fà sí Bàbá lára wà ní ọwọ́ ọ̀tún, nítorí náà wọ́n fi ọwọ́ òsì ta á. Ẹni tí wọ́n máa bá ta á nígbà tí a kò bá sí níbẹ̀ ló kù. Bàbá kan tó wà ní bẹ́ẹ̀dì òdìkejì ló gbà pé òun á máa sún àga onítáyà òun wá. Kí ẹ má ṣì wá gbọ́ o, ayò kọ́ ló to egungun; dókítà ló ṣe ìyẹn. Ṣùgbọ́n ọ̀sán Bàbá ní iṣẹ́ nínú láti ìgbà náà.

Àwa tí a ń sọ̀rọ̀ yìí náà ti ṣàṣìṣe nílé tiwa. Nígbà tí ìyá wa kò lè jáde mọ́, a ra rédíò tuntun fún wọn, olówó ńlá. Lẹ́yìn tí Màmá lọ, a bá a lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, nínú páálí rẹ̀. Bọ́tìnnì rẹ̀ kéré bí èso ata, ojú Màmá kò sì ríran dáadáa mọ́. Wọn kò sọ fún wa, nítorí wọn kò fẹ́ bà wá nínú jẹ́. Àwa náà kò jókòó tì wọ́n kí a fi hàn wọ́n bí wọ́n ṣe máa tàn án.

Ní báńkì tí a ti ń ṣiṣẹ́, a kì í yá ènìyàn lówó láìmọ irú òwò tó ń ṣe. Kí ló dé tí a fi ń ra ẹ̀bùn fún ẹni tó bí wa láìbéèrè ohun tó ń dùn mọ́ ọn? Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ béèrè ohun tí wọ́n ń ṣe nígbà tí ara wọn le. Ìyá tó ti ta aṣọ rí lè gbádùn kí ó máa ṣa àjákù àǹkárá, kí ó máa tò ó ní àwọ̀ àwọ̀. Bàbá tó jẹ́ ọ̀dọ́ ní nǹkan bíi ọdún 1971, tí Haruna Ishola gbé àwo *Oroki Social Club* jáde láti fi yin ẹgbẹ́ kan ní Òṣogbo, ẹ bá a kó orin àpàlà sínú fláàṣì, kí ẹ gbọ́ bí yóò ṣe máa gbè é.

Lẹ́yìn náà, kí a wo ojú, etí àti ọwọ́ wọn. Ẹni tí ojú rẹ̀ ń ṣe bàìbàì, Bíbélì tàbí Kùránì onílẹ́tà ńláńlá ló yẹ ẹ́, tàbí kí ọmọ-ọmọ máa ka *Aláròyé* sí i létí. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, nǹkan tó tóbi, tó ṣeé dì mú ni kí a wá fún un. Tó bá jẹ́ ọsibítù, kí a bi nọ́ọ̀sì léèrè ná, kí nǹkan náà ṣeé nù, kó má pariwo, kó má jẹ́ ohun tí olè á ṣojú sí. Tó bá jẹ́ rédíò, kí a fi ohun ìgbọ́rọ̀ tí wọ́n ń kì sí etí kún un.

Ohun kan ṣì kù: kí a má sọ àgbà di ọmọdé. A mọ ìyá kan tí ìgbàgbé ń bá jà, tí wọ́n ra ohun ìṣeré ọmọdé fún. Ó wò ó títí, ó ní, "Ṣé mo ti di ọmọ jẹ́léósinmi ni?" Ó lè gbàgbé orúkọ wa, kò gbàgbé pé àgbà ni òun.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, ọpọ́n ayò kò lè ta ara rẹ̀. Ẹni tó máa jókòó sí òdìkejì ló wọ́n jù. Nítorí náà, ìmọ̀ràn wa ni pé láti ọdún kọkànlá yìí, kí apẹ̀rẹ̀ ẹ̀bùn kéré sí i, kí a sì ní ìwé ètò tí ẹni méjì méjì nínú wa á fi máa lọ lo wákàtí kan lọ́sàn-án Sátidé lọ́dọ̀ àgbà tó bá wà lórí àìsàn. Kí ìgbìmọ̀ aláṣẹ bá wa gbé e yẹ̀ wò.

Bàbá yẹn padà sílé lórí ọ̀pá, wọ́n sì lo ọdún mẹ́rin sí i kí wọ́n tó sinmi. Ọpọ́n ayò náà wà lọ́wọ́ ọmọ wọn, ẹni tó jókòó sáàárín wa níhìn-ín. Ó ní òun kò tíì yọ aṣọ ìnura inú rẹ̀.

Ẹgbẹ́ wa á dàgbà, á dàgbó. Àwa náà á di arúgbó lọ́lá Ọlọ́run, a ó sì rí ẹni bá wa ta ayò lọ́sàn-án. Àmín o.