Ẹ̀jìrẹ́ Olórin: Ọ̀rọ̀ Lórí Àwo *Danger*

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi àpéjọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́, ní Bọ́ládé, Òṣòdì)

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí orin ìgbà èwe wa. Àwọn Lijadu Sisters ni mo mú wá.

Ìbejì ni Táíwò àti Kẹ́hìndé Lijadu. Jos ni a ti bí wọn ní 1948, ìbátan Fẹlá sì ni wọ́n. Ẹ rántí pé láyé ìgbà náà, ẹ̀yìn ọkùnrin ni obìnrin máa ń dúró sí láti gbè é lórin. Àwọn méjì yìí bọ́ síwájú, wọ́n ń kọ orin tí wọ́n fọwọ́ ara wọn ṣe. *Urede* jáde ní 1974. Ní 1976, Afrodisia tí í ṣe ti Decca gbé *Danger* jáde, orin mẹ́fà péré. Biddy Wright ló bá wọn lù ú. Ohùn méjì ń lọ bí ẹyọ kan, sóòlù Amẹ́ríkà pàdé ìlù ilé wa. Ijó ni, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ wà nínú rẹ̀: «Cashing In» ń bá àwọn tó ń jẹ lára mẹ̀kúnnù wí.

*Mother Africa* tẹ̀ lé e ní 1977, *Sunshine* ní 1978, *Horizon Unlimited* ní 1979. Lẹ́yìn náà wọ́n kọjá sí Amẹ́ríkà, a ò sì gbúròó wọn mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Kẹ́hìndé di olóògbé ní 2019.

Kí ló kàn wá ńbẹ̀? Àwọn fúnra wọn sọ pé wọn kì í ka obìnrin sí nídìí iṣẹ́ orin. Àwa tí a sì mọ Òṣòdì láyé kásẹ́ẹ̀tì, ṣebí a mọ bí wọ́n ṣe ń da orin olórin kọ tà, tí kọ́bọ̀ kì í dé ọwọ́ ẹni tó ni ín.

Àwọn ọmọbìnrin wa ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ń lọ sí sítúdíò. Ẹ sọ fún wọn: kí wọ́n ka ìwé àdéhùn tán kí wọ́n tó fọwọ́ sí i, kí wọ́n kọ orúkọ ẹni tó ṣe orin sílẹ̀, kí wọ́n sì tọ́jú ẹ̀dà tiwọn. Lábẹ́ òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́-ọnà ti 2022, ẹ̀tọ́ lórí orin ń wà títí di 70 ọdún lẹ́yìn ikú ẹni tó ṣe é. Ogún ọmọ ni. Ẹni tó bá sì ní àwo yẹn nílé, kó má jù ú nù o.