Ìwé Ìròhìn, Àwọn Aláṣẹ, àti Àwọn Ará Ààlà

Ẹni tí ó bá ti ka ìwé Jeremáyà, orí 36, kì yóò gbàgbé ọba Jèhóíákímù, tí ó jókòó níwájú iná ní ìgbà òtútù, tí ó ń fi ọ̀bẹ gé ìwé tí Bárúkù kọ, tí ó sì ń sọ ọ́ sínú iná títí gbogbo rẹ̀ fi jóná. Lójú ọba náà, kò sí ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí a kọ ní ilẹ̀ òun láìgba àṣẹ òun. Èyí ni ó dàgbà jù nínú èrò mẹ́rin tí àwọn ọ̀mọ̀wé Amẹ́ríkà mẹ́ta, Siebert, Peterson àti Schramm, tò sínú ìwé kan ní ọdún 1956 nípa ìbátan ìwé ìròhìn pẹ̀lú ìjọba. Èkejì ni ti àwọn tí ó tẹ̀lé John Milton, ẹni tí ó kọ̀wé ní 1644 pé kí a jẹ́ kí òtítọ́ àti irọ́ wọ ìjàkadì ní gbangba. Ẹ̀kẹta, ti Sófíẹ́tì, sọ ìwé ìròhìn di irinṣẹ́ ẹgbẹ́ tí ń ṣèjọba. Ìjọba tí ó gbé e ró sì túká ní 1991. Ẹ̀kẹrin sọ pé òmìnira ìwé ìròhìn kò lè ṣe aláìní ojúṣe nínú. Òun ni a fẹ́ bá yín gbé yẹ̀wò.

Àwọn baba wa kò dúró de ìwé kí wọ́n tó mọ nǹkan wọ̀nyí. Ìwé Ìròhìn tí Henry Townsend dá sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1859 bá rògbòdìyàn Ìfọ́lé lọ ní 1867. Ní Èkó, ní 1903, ìjọba ṣe òfin pé ẹni tí yóò ní ìwé ìròhìn gbọdọ̀ fọwọ́ sí ìwé ìdúró £250, pẹ̀lú onígbọ̀wọ́. Ẹ kíyèsí ọgbọ́n tí ó wà níbẹ̀: òfin náà kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé kí ó dákẹ́. Ó kàn jẹ́ kí ọ̀rọ̀ sísọ di ohun olówó. Nígbà tí òfin ọ̀tẹ̀ dé ní 1909, Christopher Sapara Williams, agbẹjọ́rò, dìde nínú ìgbìmọ̀ aṣòfin, ó ní ọ̀tẹ̀ kò bá ìwà Yorùbá mu, àti pé àwọn aláṣẹ oníkanra lè dé lọ́la tí wọn yóò máa rí ọ̀tẹ̀ nínú gbogbo àríwísí. Lọ́la náà kò pẹ́ dé: ní 1916 James Bright Davies, onímọ̀ ìwé ìròhìn Times of Nigeria, wọ ẹ̀wọ̀n. Àwọ̀ aláṣẹ yí padà lẹ́yìn náà, ìkanra kò yí, nítorí ní 1984 àwọn ológun fi Òfin Kẹrin wọn rán Tunde Thompson àti Nduka Irabor, akọ̀ròhìn The Guardian, lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún kan.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ó sàn ní òdìkejì. Ìlà tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fà ní 1889 pín ẹ̀yin ará Ìfọ̀nyìn sí méjì, Ìfọ̀nyìntẹ̀dó níhìn-ín, Ifangni lọ́hùn-ún. Lọ́hùn-ún ni ìjọba Faransé ti pe àwọn onímọ̀ La Voix du Dahomey lẹ́jọ́, ẹjọ́ tí ó parí ní 1936. Lọ́hùn-ún kan náà, ní ìparí 2019, tí òmìnira ti pé ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́ta, ni akọ̀ròhìn Ignace Sossou ti wọ ẹ̀wọ̀n nítorí ohun tí ó kọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ṣùgbọ́n ẹ̀hùn ẹni tí a kò darúkọ rẹ̀ rárá ńkọ́? Ìgbìmọ̀ kan tí Robert Hutchins ṣe alága rẹ̀ ní Amẹ́ríkà sọ ní 1947 pé ara ojúṣe ìwé ìròhìn ni kí ó fi àwòrán tòótọ́ hàn nípa gbogbo ẹ̀yà ènìyàn tí ó wà ní àwùjọ. Ẹ fi èyí wọn ohun tí ojú yín rí. Ní oṣù kẹjọ 2019 ni ìjọba Nàìjíríà ti ààlà ilẹ̀ pa. Ní oṣù kọkànlá wọ́n pàṣẹ pé kí a má gbé epo lọ sí ilé epo kankan tí kò ju kìlómítà 20 lọ sí ààlà. Ìdíròkò kò ṣí títí di oṣù kẹrin 2022. Nínú èyí tí àwa kà ní àkókò náà, ọ̀rọ̀ ìrẹsì àti àwọn onífàyàwọ́ ni ó kún ibẹ̀. Irọ́ kọ́ ni wọ́n kọ. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ tí kò rí epo lọ ẹ̀gẹ́ rẹ̀, àti aboyún tí kò rí ọkọ̀ gbé e lóru, díẹ̀ ni a rí kà nípa wọn, bí ẹni pé gbogbo ẹni tí ń gbé ní ààlà, fàyàwọ́ ni iṣẹ́ rẹ̀.

Ta ni yóò wá mú ìwé ìròhìn ṣe ojúṣe yìí? Bí a bá ní ìjọba ni, a ti fi ọ̀bẹ Jèhóíákímù lé e lọ́wọ́ padà. Àwọn tí ó ṣe òfin 1903 pàápàá ní kí ẹni tí a bà lórúkọ jẹ́ lè rí ẹ̀san gbà ni. Bí a bá fi í sílẹ̀ fún àwọn tí ó ni ìwé ìròhìn, ibi tí ọjà wọn wà ni wọn yóò máa wò. Lójú tiwa, ọwọ́ òǹkàwé ni ó kù sí, òun sì ni iṣẹ́ tí kò ní owó nínú. Ìjọ tí ó ní àwọn tí ó mọ̀wé tó báyìí lè yan ẹni mẹ́ta tí yóò máa kọ ìròhìn àgbègbè yìí ránṣẹ́ sí ìwé ìròhìn, ní èdè Yorùbá, kí ará Ifangni náà lè gbọ́ ọ bí a bá kà á fún un. Kí wọ́n kọ ọjọ́, kí wọ́n kọ ibi tí ó ti ṣẹlẹ̀, kí wọ́n fọwọ́ sí i. Bí ọ̀rọ̀ náà bá sì kan àwọn aṣọ́bodè, kí wọ́n kọ́kọ́ lọ bi àwọn aṣọ́bodè léèrè tẹnu wọn, kí wọ́n sì kọ èsì náà sí i pẹ̀lú, bí kò tilẹ̀ dùn mọ́ wọn.